Tálákà, òtòṣì àti aláìní: èwo ni kí a lò?

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ kí a máa fi pe ìṣẹ́ àti ẹni tí ìṣẹ́ ń bá jà ni a ń jíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kaduna dábàá pé kí a máa pe ètò tí ìjọba fi ń bá ìṣẹ́ jà ní "ìpòṣìrun". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọn. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2000 (Poverty Alleviation Programme) kò ṣèlérí pé òun yóò pa ohunkóhun run, ìdẹ̀rùn ni orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ní 2001 ni NAPEP (National Poverty Eradication Programme) dé, tí orúkọ tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa fífa ìṣẹ́ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Bí a bá fi "ìpòṣìrun" pe méjèèjì, a ti pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Kí ni a ó sì wá pe ₦5,000 lóṣù tí wọ́n máa ń fún àwọn ìdílé kan tẹ́lẹ̀ nínú ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016? Owó ọbẹ̀ ni ìyẹn.

"Òṣì" tí ó wà nínú "ìpòṣìrun" gan-an ni ó ń bí mi nínú. Ẹni tí a bá pè ní olòṣì, ìjà ló dé. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gbé ìwé dé Nyanya lẹ́bàá Abuja, tí ó ní òun ń kọ orúkọ àwọn òtòṣì, ìyá wo ni yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé òun fi orúkọ sílẹ̀? "Àìní" sàn jù ú lọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba sọ ní 2022 pé àwọn 133 mílíọ̀nù ni ìṣẹ́ ń bá fínra, tí 86 mílíọ̀nù nínú wọn wà ní Àríwá, kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n wò: wọ́n wo ìlera, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti ohun tí ènìyàn fi ń dáná. "Àìlówó" kò lè gbé gbogbo ìyẹn.

Ní ti ènìyàn fúnra rẹ̀, "aláìní" ti di ẹni tí à ń ṣe sàárà fún, nítorí náà "tálákà" ni mo fara mọ́. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Hausa ni, kí a yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àwọn Hausa tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lò ó: lẹ́nu wọn, talaka kì í ṣe ẹni tí kò lówó nìkan, ó tún jẹ́ ará ìlú tí kò ní oyè, tí kò sì sí nípò àṣẹ. Orí àwọn talakawa bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU (Northern Elements Progressive Union), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kano ní 1950, gbé ìjà rẹ̀ lé. Àlàfo láàárín aláṣẹ àti ará ìlú ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa; ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ ni a mú wálé.

Mo bi obìnrin kan tí ń ta àkàrà ládùúgbò wa pé kí ni ó ń pe owó tí ìjọba ń pín. Ó ní, "Owó ìjọba." Mo ní ṣé ìrànwọ́ ni àbí ẹ̀tọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí ó kọ́kọ́ tẹ òun lọ́wọ́.