Táyà kẹ̀kẹ́ eré fún ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́: èyí tó yá, èyí tó rọ ara lọ́rùn, àbí èyí tí kì í tètè jò?

Ará_Mọníyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Táyà tuntun ni mo fẹ́ rà, àmọ̀ràn sì ti pọ̀ jù létí mi. Kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù ni, bíréèkì rẹ̀ ń di rímù mú (kì í ṣe dísìkì), inú rímù fẹ̀ tó 19 mm. Ìwọ̀n ara mi jẹ́ 82 kg. Táyà tó fẹ̀ tó 25 mm ló wà níbẹ̀ báyìí, 110 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ni mo ń géèjì ẹ̀ sí níwájú àti lẹ́yìn. Etí títì láti Mọníyà sí Ọ̀yọ́ ni mo sábà ń gbà: ibì kan dán, ibì kan ti họ, àfọ́kù ìgò àti wáyà táyà tírélà sì kún ibẹ̀. Túùbù ń jò, ọwọ́ àti èjìká ń ro mí. Mẹ́ta ni mo ń wò: Continental Grand Prix 5000, Gatorskin, àti Schwalbe Marathon Plus. Ṣé kí n tiẹ̀ bọ́ sórí tubeless (táyà tí kì í lo túùbù) ni? Eré ṣì wù mí o.

sípóòkù32
Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ yẹ túùbù tó jò wò. Ẹ fẹ́ ẹ títí á fi wú, kí ẹ rì í sínú omi. Bí ihò bá jẹ́ méjì tó fara ti ara wọn bí ojú eyín ejò, etí kòtò àti rímù ló fún túùbù mọ́ àárín. Kò sí adènà-ìṣó inú táyà kankan tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, àfi táyà tó fẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo níhà títì, nǹkan ló gún un. Bó bá wà níhà rímù, ẹ má dá táyà lẹ́bi rárá: téèpù rímù ló yẹ̀, ojú ihò sípóòkù ló ń gé túùbù. Tó bá jẹ́ ìdí fáàfù ló ti ya, pọ́ǹpù tí ẹ ń fi tì í síwá-sẹ́yìn ló fà á.

Nígbà tí ẹ bá ń wọ táyà, ẹ jẹ́ kí orúkọ ara rẹ̀ bọ́ sí ọ̀gangan fáàfù. Ọjọ́ tó bá jò, ẹ ó gbé túùbù lé e, ẹ ó sì mọ ibi tí ẹ̀gún wà lójú ẹsẹ̀.

110 psi yẹn ló ń dá èjìká yín lóró. Lójú ọ̀nà tó họ, táyà tó le tó bẹ́ẹ̀ kì í yí geere, ńṣe ló ń fò, agbára tó yẹ kó gbé yín síwájú á sì bá ìfò yẹn lọ. Nítorí náà, kò tiẹ̀ yá jù bí ẹ ṣe rò. Lórí táyà 28 mm, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 70 psi níwájú, 75 lẹ́yìn. Tí rímù bá ń kan ilẹ̀ nínú kòtò, ẹ fi 3 kún un; tí ọwọ́ bá ṣì ń ro yín, ẹ yọ 3. Ṣùgbọ́n ẹ wọn àlàfo fírémù àti bíréèkì ná. 28 lórí rímù 19 lè wú dé 29 tàbí 30 mm, ó sì yẹ kó ku nǹkan bí 4 mm lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Adérìnọ̀nà
Òótọ́ ni sípóòkù32 sọ. Àmọ́ táyà mẹ́ta tí ẹ dárúkọ yẹn, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

GP5000 ló yá jù, òun ló sì rọ̀ jù, kì í tètè yọ̀ nínú òjò. Aṣọ Vectran wà lábẹ́ ojú rẹ̀ tó ń dènà ohun tó ń gún, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹnu kòtò tó ní òkúta lè la ẹ̀gbẹ́ yẹn, táyà olówó gọbọi á sì di ohun ìsọnù. Gatorskin ní aṣọ adènà-ìgún PolyX lábẹ́, aṣọ DuraSkin sì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà kì í tètè ya. Àléébù rẹ̀ ni pé ó le, ó sì máa ń yọ̀ lórí ọ̀dà funfun ojú títì tí òjò bá rọ̀. Tí ẹ bá ń sáré bíi 30 km/h, agbára tó ń jẹ ju ti GP5000 lọ lè tó wáàtì 7 sí 10 lórí táyà kan. Marathon Plus ní rọ́bà 5 mm lábẹ́ ojú rẹ̀, ẹyọ kan wúwo ju ìdajì kílò lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ni tirẹ̀. Ẹni tí eré wù kò ní bá a ṣọ̀rẹ́.

Èyí tí ẹ ò dárúkọ ni màá mú: Grand Prix 4-Season. Vectran méjì, DuraSkin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò yá tó 5000, ṣùgbọ́n ó rọ̀ ju Gatorskin lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dá owó sí, ẹ fi Gatorskin sẹ́yìn nìkan, nítorí ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù jù, òun ló sì ń jò jù. Ẹ má fi táyà tó ń yọ̀ síwájú láéláé: tí ẹ̀yìn bá yọ̀, ẹ ṣì lè mú un, tí iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ni.

Akin_Peckham
Ní ti tubeless: bí wọn ò bá kọ ọ́ sára rímù yín pé ó gbà á, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá gbà á, GP5000 S TR 28 (ẹ̀yà tubeless ti GP5000) àti sealant (omi tó ń dí ihò) 30 sí 40 ml nínú táyà kọ̀ọ̀kan. Ihò wáyà kékeré á dí kí ẹ tó mọ̀. Ihò ìgò tó tóbi ní 75 psi, ṣe ni sealant á máa tú sí yín lára. Ẹ mú plug (okùn rọ́bà tí a ń tì bọ ihò) dání. Ní London níbí, ó lè tó oṣù mẹ́ta kí sealant tó gbẹ. Nínú ooru Ìbàdàn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́
Wáyà tírélà ni kí a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jàre. Ó tín-ín-rín débi pé ojú kì í tètè rí i, kì í sì í wọlé lẹ́ẹ̀kan: bí táyà ṣe ń yí ló ń rọra tì í wọ inú. Tí ẹ bá dé ilé, ẹ yí táyà wò, ẹ fi nail cutter fa èyí tó bá yọrí jáde. Tí túùbù bá ti jò, ẹ má fi ìka lásán wá a. Ẹ fi òwú nu inú táyà yí ká. Ibi tí òwú bá há sí, ibẹ̀ ló wà.

Fọkanáísà ńkọ́? Ẹnu rọ́bà kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀, fáàfù ọkọ̀ ló bá mu, kò bá Presta (fáàfù tín-ín-rín ti kẹ̀kẹ́ eré) yín mu. Ẹ ra adapter onídẹ kékeré, ẹ tú orí fáàfù kí ẹ tó dè é mọ́ ọn. Kí ó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí táyà kékeré báyìí á kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì lè bẹ́. Géèjì tiyín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Tí ojú táyà bá ya, ẹ gé ara túùbù ọṣẹ ìfọyín, ẹ tẹ́ ẹ sí ojú ibi tó ya láti inú. Á gbé yín délé.

Ará_Mọníyà
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wọn àlàfo: 7 mm lókè, 6 lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú 25 yìí. Ihò méjì-méjì ló pọ̀ jù lára àwọn túùbù náà. 4-Season 28 síwájú, Gatorskin 28 sẹ́yìn. Ṣé túùbù tí mo ní nílẹ̀ á bá a mu?

sípóòkù32
Ẹ wo páálí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 18-25, á na jù, á sì fẹ́lẹ́. 25-32 ni kí ẹ rà. Etí táyà Continental máa ń le láti wọ̀: ẹ tì í sí àárín rímù yí ká, ẹ fi ìdí fáàfù parí, àtàǹpàkò ni kí ẹ lò, torí irin á gé túùbù. Ẹ fẹ́ ẹ dé 30 psi, ẹ wò ó lọ́tùn-ún lósì pé túùbù ò yọjú lábẹ́ etí táyà, kí ẹ tó fẹ́ ẹ dé 70.