Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń rí o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì

Ọmọ Ìkọ̀lé, Leeds: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tí mo bá yàgbẹ́. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Bàbá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ti fi àgbo rán ẹni tó ń bọ̀ láti Adó. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí dókítà. Ṣé kí n máa mu àgbo náà ná?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Má mu ún o, àbúrò mi. Jẹ̀díjẹ̀dí ni ẹ̀gbọ́n mi náà pè é. Oṣù mẹ́jọ ló fi mu àgbo. Ó ń rù, ó ń rẹ̀ ẹ́, a ní iṣẹ́ alẹ́ ló fà á. Ìgbà tí wọ́n máa fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀, jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀. Èmi ni mò ń bá a ra àgbo yẹn.

Bọ̀dá Ìjerò, London: Ẹ má dẹ́rù bà á. Jẹ̀díjẹ̀dí náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìjọba á fi ohun àyẹ̀wò ìgbẹ́ ránṣẹ́ sílé, kó dúró dè é.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́! Ẹni ọdún 50 sí 74 ni wọ́n ń fi ìyẹn ránṣẹ́ sí, ọdún méjì-méjì, ẹni tí kò rí àmì kankan ni wọ́n sì ṣe é fún. Kó wá dúró ọdún méjìlá?

Nọ́ọ̀sì Adó, Houston: Ọdún 45 ni tiwa níbí. Ọmọ ọdún 43 ni Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther, nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun yìí pa á ní 2020. Ọmọ Ìkọ̀lé, pe ọ́fíìsì dókítà rẹ padà láàárọ̀ ọ̀la. Má ní inú ló ń run ẹ́. Là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí o béèrè àyẹ̀wò FIT, èyí tí wọ́n fi ń wá ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dá, 999 ni.

Bọ̀dá Ìjerò: Ó dáa, mo gbà. Mo ti pé 56, tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ láti oṣù kẹta. Màá ṣe é lónìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi. Ẹ wá jẹ iyán ní Manchester tí ẹ bá ṣe tán. Ẹ̀yin ará London, ìyẹ̀fun lẹ̀ ń rò.

Bọ̀dá Ìjerò: Irọ́ o! Peckham ni iṣu wà!

Nọ́ọ̀sì Adó: Ìró odó nírọ̀lẹ́ ló ń wù mí gbọ́, kí gbogbo àdúgbò máa gún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹni tó gbé àgbo ti balẹ̀. Bàbá mi tún ti pè, wọ́n ní ṣé mo ti mu ún. Kí ni kí n sọ fún wọn?