Kẹ̀kẹ́ àlòkù fún iṣẹ́ àárọ̀: kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Láti Hull (ìbéèrè)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú otútù. Oṣù tó kọjá ni mo dé sí Hull, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Ìlọrin. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo ń ṣe, aago méje àárọ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì àdúgbò wa kì í tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà yẹn. Mo rí kẹ̀kẹ́ kan lórí Facebook Marketplace, £40, kùn ara rẹ̀ ń dán. Ẹni tó ń tà á ní ká pàdé níwájú ilé ìtajà kan ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí n mú káàṣì dání. Ṣé kí n lọ? Kí ni kí n wò lára rẹ̀?

Láti Hull (èmi náà níbí la wà)

Àbúrò mi, káàbọ̀. Má lọ síbi tó pè ọ́ yẹn. Ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ á jẹ́ kó o wá wò ó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lójú ọ̀sán, á sì lè sọ ìgbà tó rà á àti ìdí tó fi ń tà á.

Kó o tó dúnàádúrà rárá, béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Bí wọ́n bá dojú kẹ̀kẹ́ dé, abẹ́ ibi tí apá pẹ́dà méjèèjì ti pàdé ni wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà sí lára irin. Gbé nọ́ńbà náà lọ sí BikeRegister lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ sí, kó o wá ibi àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní BikeChecker, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n jí i, á hàn sí ọ. Bí ẹnì kan bá ti fi irin ha nọ́ńbà náà dà nù, máa bá tìrẹ lọ. Ẹni tó bá ra ohun tó mọ̀ pé wọ́n jí ti ṣẹ̀ sí òfin Theft Act 1968, bó ò bá sì mọ̀ pàápàá, olóhun ṣì lè gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, owó rẹ á sì wọmi. Àwọn àgbà wa ló ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwa tí ìwé ìgbélùú wa wà lọ́wọ́ ìjọba, ẹ má jẹ́ ká tìtorí £40 dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Bí nọ́ńbà bá mọ́, wá wo kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kí kùn tàn ọ́. Gbé iwájú rẹ̀ sókè, fi ọwọ́ yí táyà, kó o tẹjú mọ́ àlàfo tó wà láàárín rímù àti búréèkì: bí rímù bá ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, ó ti tẹ̀. Fi ìka ra ojú ibi tí búréèkì ti ń há rímù mú. Bó bá ti jẹ wọnú bí inú ṣíbí, rímù yẹn ò ní pẹ́ mọ́. Tẹ búréèkì iwájú, kó o máa ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn. Bí orí rẹ̀, ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọnú irin, bá ń dún kọ̀kọ̀, nǹkan ti tú níbẹ̀. Wo ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin lẹ́bàá orí dáadáa. Kùn tó hunjọ tàbí tó sán níbẹ̀ fi hàn pé kẹ̀kẹ́ ti kọlu nǹkan, mi ò sì ní ra irú ẹ̀ bí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ní kí wọ́n gbé ìjókòó sókè lójú rẹ, torí irin ìjókòó tó bá ti dípẹtà mọ́ inú ihò rẹ̀ lè má kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ṣéènì ló ń jẹ owó jù. Mú rúlà lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín píìnì kan: ní ínṣì 12 gẹ́lẹ́, ó yẹ kó o tún bá àárín píìnì mìíràn. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì kọjá, ṣéènì ti fà, ó sì ṣeé ṣe kó ti jẹ eyín ẹ̀yìn pẹ̀lú, o máa pààrọ̀ méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rà níbí, £30 ni. Mi ò yẹ nǹkan kan wò. Kó tó pé oṣù méjì, mo ti ná £85 lé e lórí, wáyà búréèkì ẹ̀yìn sì já mọ́ mi lọ́wọ́ ní Beverley Road láàárọ̀ òjò kan. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ gbogbo èyí gùn.

Èyí tí mò ń gùn báyìí, Raleigh ni, irú èyí tí bàbá mi máa ń gùn lọ kọ́ni nílé ìwé nígbà tí a wà ní kékeré. £75 ni mo rà á lọ́wọ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Hull tẹ́ pẹrẹsẹ, má sanwó jíà rẹpẹtẹ. Mọ́dígáàdì ni kó o wá, kí omi títì má baà ba aṣọ iṣẹ́ rẹ jẹ́.

Bó bá jẹ́ £100 lo ní, má ná ju £60 lọ sórí kẹ̀kẹ́. Ìyókù, ra àgádágodo onírin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tó ní àmì Sold Secure, ìyẹn àmì pé wọ́n ti dán an wò, kó o fi kọ́ irin ara kẹ̀kẹ́ àti táyà ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ òpó. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń gé e. Lẹ́yìn náà, iná: funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Òfin ló ní kó o tàn án bílẹ̀ bá ti ṣú, ní oṣù Kejìlá sì rèé, aago mẹ́jọ àárọ̀ máa ń kọjá kí oòrùn tó yọ níbí. Òfin ò fi dandan mú akoto, ṣùgbọ́n èmi kì í jáde láìdé e. Má gun orí ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn, àyàfi tí àmì bá gbà ọ́ láyè.

Láti Leicester

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Mo fẹ́ fi ti owó kún un. Bó o bá ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ láti ilé arúgbó kan lọ sí ilé èkejì, HMRC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí, gbà kí agbanisíṣẹ́ san péńsì 20 fún ọ lórí máìlì kan láìyọ owó orí nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá san án, tàbí tí wọ́n san ohun tó kéré sí i, o lè bèèrè fún ìdínkù owó orí lórí ìyàtọ̀ náà. Ìrìn láti ilé rẹ sí ọ́fíìsì ojoojúmọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ra ìwé kékeré kan, máa kọ ọjọ́, ibi tó o ti kúrò, ibi tó o dé àti iye máìlì. Ọdún méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ láìmọ èyí.

Láti London

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí: kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú máa ń mú ká ronú pé ká fi gbé oúnjẹ kiri fún àwọn ápù. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gba iṣẹ́ àdáni, irú iṣẹ́ yẹn sì ni. Ẹ má ṣe é, kódà bó jẹ́ àkáǹtì ẹlòmíì ni wọ́n fi lọ̀ yín.

Fún ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ò gun kẹ̀kẹ́ rí: ẹni ọdún 41 ni mí kí n tó kọ́ ọ. Káńsù àdúgbò mi ní London ló kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́, obìnrin ló sì kọ́ mi, nínú pápá, kó tó mú mi bọ́ sójú títì. Ẹ pe káńsù yín kí ẹ béèrè.

Láti Hull (ẹni tó béèrè)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lọ. Mo béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kò dá mi lóhùn mọ́. Lánàá, mo rí òmíràn nítòsí Cottingham Road, £65, nọ́ńbà rẹ̀ mọ́, mo fi rúlà wọn ṣéènì níwájú ìyá tó ni ín. Mo ti rà á. Afẹ́fẹ́ mélòó ni kí n fún táyà?

Láti Hull

O kú oríire! Wo ara rọ́bà táyà fúnra rẹ̀, wọ́n tẹ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀: nọ́ńbà méjì, lẹ́yìn wọn ni PSI. Fún un dé àárín méjèèjì, kó o sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ra túúbù kan pamọ́ tó bá táyà rẹ mu, torí kò sí fọ́gànáísà lẹ́bàá títì níbí. Bó bá di ọjọ́ Sátidé tí o ò sí níbi iṣẹ́, gbé e wá, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀.