Ìjánu wo ni ó yẹ ẹṣin kékeré tí ń ju orí, tí owó rẹ̀ kò sì ní ga jù?

Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Akọ ẹṣin kan tí a ti tẹ̀ lọ́dàá wà lọ́wọ́ mi, ọmọ ọdún 7, kò ga púpọ̀. Ẹni tí ó tà á fún wa fi ìjánu kan kún un, irú èyí tí àwọn Hausa ń pè ní linzami, tí irin rẹ̀ yọ sókè sí àjà ẹnu, tí òrùka ńlá kan sì yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká. Bí mo bá ti fa okùn díẹ̀, yóò ju orí sókè, yóò ya ẹnu, yóò sì máa fi ẹ̀yìn rìn. Mo ti rí ojú ọgbẹ́ ní igun ẹnu rẹ̀ lápá òsì, ó sì dùn mí gan-an, nítorí ẹran onísùúrù ni. Agbára mi kò ju ₦20,000 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, irú èwo ni kí n rà, báwo ni mo ṣe lè mọ ìwọ̀n rẹ̀, ṣé alágbẹ̀dẹ sì lè bá mi rọ ọ́?

Bàbá Ẹlẹ́ṣin, Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Kọ́kọ́ bọ́ ìjánu yẹn kúrò, má sì fi irin kankan sí i lẹ́nu títí ọgbẹ́ náà yóò fi jinná. Okùn orí lásán tó láti fi mú un lọ jẹko.

Láti ayé Ọ̀yọ́-Ilé ni a ti ń ra ẹṣin láti Òkè Ọya, ìjánu wọn sì ń bá wọn wá. Ti jagunjagun ni irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ: bí o bá fa okùn, irin tí ó yọ sókè yóò gún àjà ẹnu, òrùka yóò sì fún àgbọ̀n mọ́ ọn, tí ẹṣin tí ń sáré kíkankíkan yóò fi dúró lójijì. Ẹni tí ń kọ́ ẹṣin gígùn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan án.

Ohun tí o ń wá ni ìjánu olóríkèé tí ó dán, tí kò ní apá gígùn, tí òrùka kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí igun ẹnu tí ó ti bó, yan èyí tí òrùka rẹ̀ kì í yí gba inú ihò irin kọjá, nítorí ihò bẹ́ẹ̀ a máa fún awọ ẹnu pọ̀.

Fún ìwọ̀n rẹ̀, so kókó sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí o fà á gba inú ẹnu rẹ̀ níbi àyè tí kò ní eyín, kí kókó náà kan igun ètè kan, kí o sì so kókó mìíràn sí igun kejì. Ìwọ̀n tí ó wà láàárín kókó méjèèjì ni ẹnu rẹ̀. Fi nǹkan bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá fẹ̀ jù yóò máa rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, oríkèé rẹ̀ yóò sì máa kan àjà ẹnu.

Ará Ìlọrin

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni gbogbo ọ̀ràn yìí wà. Àwọn tí ń gun ẹṣin lọ kí Ẹ́míà nígbà ọdún ń lo linzami, wọn kì í sì í fa okùn rẹ̀ lásán. Má sọ tìrẹ nù.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin, Ọ̀yọ́

Òótọ́ ni, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbó sí i lè lò ó láìpa ẹṣin lára. Àmọ́ ẹṣin yìí ti ní ọgbẹ́, ẹni tí ó ni ín sì ń wá ọ̀nà ìrọ̀rùn. Kí ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí a yẹ eyín rẹ̀ wò. Etí eyín ẹ̀yìn ẹṣin a máa mú, a sì máa gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti inú. Àwọn mìíràn tún ní eyín kékeré kan níwájú eyín ẹ̀yìn, tí irin a máa kàn, tí yóò sì máa dùn wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá, ìjánu olówó iyebíye pàápàá kò ní dá orí jíjù dúró. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti alágbẹ̀dẹ, irin lásán yóò dípẹtà, ojú ibi tí a bá jó pọ̀ sì lè ha ahọ́n. Irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà. Ẹ má ra èyí tí wọ́n kàn fi nǹkan dídán bò lára, nítorí bí ó bá ti ń ṣí, etí rẹ̀ mú bí abẹ.

Ìyá Gàárì, Ọ̀yọ́

Ẹ wá àlòkù. Ẹ bi àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin póló ní Ìbàdàn, kí ẹ sì fi ìka yẹ oríkèé rẹ̀ wò bóyá ó ti jẹ. Irin nìkan ni kí ẹ rà. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti okùn rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ awọ wa ní Ọ̀yọ́ yóò rán an fún yín ní ìwọ̀n orí ẹṣin yín gan-an.

Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wọn ẹnu rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 11 àti ààbọ̀. Ẹnu náà kéré, ahọ́n rẹ̀ sì nípọn.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin, Ọ̀yọ́

Wá sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ínǹṣì 5. Òótọ́ ni pé irin tí ó nípọn máa ń rọ ẹṣin lọ́rùn, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ahọ́n rẹ̀ ti kún ẹnu, má ra èyí tí ó nípọn jù; mílímítà 14 tó. Nígbà tí dókítà bá ti wò ó tán, tí igun ẹnu rẹ̀ sì ti jinná, fi sí i kí ètè ká díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ní igun méjèèjì, kí o sì fi ẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún.