Ọjọ́ tí mo gé òrùlé ọkọ̀ mi: ẹ wá sọ tiyín

Baba Ìjàpá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aláyùn irin. N óò sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà má fi tiyín pamọ́.

Volkswagen Ìjàpá ọdún 1967 ni mo gé, nínú gáréèjì ẹ̀yìn ilé tí èèyàn gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn kó tó lè yí ọkọ̀ náà po. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé oṣù mẹ́ta ni. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló gbà mí.

Ìpẹtà ló kó mi sí i. Ó ti jẹ òrùlé náà láti ẹ̀gbẹ́ dígí ẹ̀yìn wá, débi pé bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń rún. Mo wá ní dípò kí n máa wá òrùlé mìíràn kiri, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ di olórí-ṣíṣí. Ṣebí ilé iṣẹ́ Karmann ṣe irú rẹ̀ fún Volkswagen ní Osnabrück, ní Jámánì, láti 1949 di 1980, tí iye rẹ̀ sì lé ní 330,000. Ohun tí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀, kí ló le níbẹ̀?

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé Ìjàpá ní pèpéle irin tirẹ̀ nísàlẹ̀, bólítì ni wọ́n fi de bọ́dì mọ́ ọn. Mo ní bí ìsàlẹ̀ bá ti dúró, fìlà lásán ni òrùlé. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ẹ mú páálí bàtà kan, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò, ẹ dì í mú ní igun méjì kí ẹ lọ́ ọ. Á lọ́. Ẹ dé e padà, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yíká, kí ẹ tún lọ́ ọ wò. Ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tí mo máa gé e, mo gbé e lé orí irin mẹ́rin, méjì lábẹ́ imú, méjì lábẹ́ ìdí. Kò sí nǹkan kan tó gbé àárín rẹ̀ ró. Mo gé òpó ẹ̀yìn, mo gé òpó àárín, mo wá gé ibi tí òrùlé ti pàdé orí dígí iwájú. Bí ayùn ṣe já a tán lápá òsì, mo gbọ́ "kẹ̀ẹ́n", bí ìgbà tí arúgbó bá jókòó sórí àga onígi. N kò kà á sí. Èmi àti ọmọ mi gbé òrùlé jáde, a ya fọ́tò. Ìgbà tí mo padà wọlé láti ṣí ilẹ̀kùn ni ojú mi là. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo fà á, mo fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀ kí n lè fà á dáadáa, pàbó. Àlàfo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó tó mìlímítà mẹ́rin láàárọ̀ ti di irin kan irin.

Mo pe àgbà kan tó ti fi iṣẹ́ panẹ́bítà tọ́mọ. Ó rẹ́rìn-ín tán kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Ṣé o de ẹnu ilẹ̀kùn kó o tó gé e?" Mo ní rárá, sà. Ó ní, "O yọ eegun ẹ̀yìn ẹran, o wá ń bi í léèrè ìdí tó fi tẹ̀."

Òun ló kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe. Mo ti jáàkì méjì bọ abẹ́ àárín, ọ̀kan lábẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pákó tó nípọn láàárín jáàkì àti irin. Mo ń yí i díẹ̀díẹ̀: ìdajì yíyí lápá ọ̀tún, ìdajì lápá òsì, màá dìde lọ wo àlàfo, màá tún padà. Ó tó wákàtí kan kí ilẹ̀kùn tó dún "pá" tó sì ṣí fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Orí ilẹ̀ gáréèjì ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fi irin onígun mẹ́rin de ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì, láti òpó iwájú dé kùkùté òpó àárín, mo sì fi òmíràn dábùú láti apá ọ̀tún sí òsì. Iṣẹ́ tó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni o. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè tí mo jẹ ọkọ̀ náà. Karmann fi irin tó lágbára sí abẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú tiwọn. Èmi náà tẹ irin oní-mìlímítà mẹ́ta bí àpótí gígùn, mo jó o mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo fi ọ̀kan dábùú ẹ̀yìn ìjókòó. Mo fi irin onígun mẹ́ta há ìdí òpó dígí iwájú. Bí mo bá jó ìwọ̀n ìka méjì, màá fi í sílẹ̀, màá lọ sí òdìkejì, torí iná tó bá pẹ́ lójú kan máa ń fa irin wọ́. Ìgbà tí mo parí, ọkọ̀ tí mo yọ òrùlé rẹ̀ wúwo ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ! Ẹni tí mo sọ fún, kò gbà mí gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ti Karmann gan-an náà wúwo ju Ìjàpá olórùlé lọ.

Ọ̀gá Panẹ́bítà:

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyí tí mo fi bọ́ sí i. (Orí ti Baba Ìjàpá wọ́ kí n tó dé, ẹ má bínú.)

Ohun tí ẹ kò tíì sọ ni iná. Inú bọ́ọ̀tù iwájú ni táǹkì epo Ìjàpá wà, kò jìnnà sí ìdí òpó dígí tí Baba ń jó un. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Ohun dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin kó má baà pariwo, ó ń jó bí àtùpà. Lọ́dún tí mo ṣe tèmi, mo tú bátìrì, mo gbé táǹkì jáde, mo rò pé mo ti ṣe tán. Mo ń jó irin ẹ̀yìn ìjókòó lọ, n kò mọ̀ pé iná kan ti ta bọ́ sínú òwú ìjókòó tí n kò yọ. Nígbà tí mo fi máa ṣí ìbòjú, èéfín ti gba gáréèjì. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà mí. Garawa omi tí mo gbé sẹ́nu ọ̀nà ló kó mi yọ, kì í ṣe ọgbọ́n orí. Ilé iṣẹ́ Hebmüller pàápàá, àwọn tó ń ṣe Ìjàpá olórí-ṣíṣí oníjókòó méjì, iná jó wọn ní 1949; 696 péré ni wọ́n rí ṣe. Ilé iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn, ẹ má wá fi gáréèjì yín wé e.

Ẹ yọ gbogbo ohun tó lè jóná. Bí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ má tilẹ̀kùn lọ sùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jókòó ti ọkọ̀ náà fún bíi wákàtí kan.

Ẹ sì wọ̀n ọ́n! Kí ẹ tó fọwọ́ kan ayùn, ẹ na tépù láti igun dé igun, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Ara ògiri ni mo wí. Bébà máa ń sọnù.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀gbọ́n Baba Ìjàpá, ẹ kú orí ire. Èmi àti ọkọ mi, Ford Mustang 1966 la gé, èyí tó ní òrùlé irin. A kò kánjú, a de ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, kò wọ́ rárá. Férémù kò sí lórí ilẹ̀kùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí náà dígí ilẹ̀kùn kò yọ wá lẹ́nu tó bó ṣe máa ń yọ àwọn onífèrémù lẹ́nu.

Ẹjọ́ tiwa bẹ̀rẹ̀ lójú títì. Bí táyà bá gun ibi tó gbún báyìí, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ ọkọ mi, dígí tó wà láàárín tí a fi ń wẹ̀yìn kò ṣeé wò, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ di méjì. Mo ní kó rọra, ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ń mì bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì dígí iwájú là láti igun ìsàlẹ̀, láìsí òkúta, láìsí ẹyẹ. Ńṣe ni férémù rẹ̀ ń fún un títí ó fi sán.

Àṣé Ford kò fi ìsàlẹ̀ kan náà ṣe méjèèjì. Èyí tó ń ṣí ní irin tó nípọn sí i lábẹ́ ilẹ̀kùn àti irin mìíràn lábẹ́ ìjókòó tó so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì. A kò fi èyí abẹ́ ìjókòó yẹn sí i. A tún tú gbogbo inú ọkọ̀ sílẹ̀, a jó o mọ́ ọn. Ìmìtìtì náà dín kù gan-an, kò lọ tán. Chevrolet náà mọ̀ pé kì í lọ tán: Camaro olórí-ṣíṣí ti 1967 sí 1969, wọ́n gbé irin wíwúwo sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ láti máa gba ìmìtìtì náà mì. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́ èyí ló tó ṣíwọ́ dídá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ẹni Tí Kò Gé E:

Èmi kò gé tèmi. Peugeot 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, mo sì ti fi ìlà funfun sí ara òpó rẹ̀ pátá. Àwòrán 504 olórí-ṣíṣí tí ilé iṣẹ́ Pininfarina ṣe ní 1969 ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri, òun ni mo fẹ́ kí tèmi jọ. Mo wá wọn àlàfo láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn: 274 sẹ̀ǹtímítà ni tèmi. Ti Pininfarina, 255 péré. Wọ́n gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú kí wọ́n tó ṣí orí rẹ̀! Tèmi gùn jù ú lọ, ó tún ní ihò ilẹ̀kùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì ní pèpéle irin bíi ti Ìjàpá. Bí òpó àárín bá lọ, kí ló máa gbé e dúró?

Mo fi ọṣẹ fọ ìlà funfun náà kúrò. Ọkọ̀ ṣì wà, mo ń wà á. Wíńdò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ń ṣí sílẹ̀, ìyẹn náà ní atẹ́gùn.

Awakọ̀ Jẹ́jẹ́:

Èyí tí ẹlòmíràn ti gé ni mo rà, n kò sì béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè. Ọ̀dà ń dán, aṣọ orí rẹ̀ dára. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó, ó na ọwọ́ sẹ́yìn èjìká bí ẹni ń wá bẹ́líìtì. Kò bá nǹkan kan. Òpó àárín tí wọ́n gé ni bẹ́líìtì ti ń so kọ́ sókè tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gé e kàn fi èyí tó ń de ìtan nìkan rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin àyẹ̀wò náà kò buwọ́ lù ú, n kò sì bá a jà.

Irin bí òṣùmàrè ni mo wá fi sí ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, tó gùnlẹ̀ sórí irin abẹ́ ilẹ̀kùn níhà méjèèjì, orí rẹ̀ ni mo so bẹ́líìtì kọ́. Àwọn kan ní ó ba ẹwà ọkọ̀ jẹ́. Triumph Stag ti 1970, ọkọ̀ olórí-ṣíṣí kan, gbé irú rẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́, wọ́n tún so ó mọ́ orí dígí iwájú kí ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n. Ta ló ní Stag kò rẹwà?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fún ọkọ̀ ní ìwé lọ́dọ̀ yín kí ẹ tó gé e. Ó ṣòro láti ṣàlàyé fún wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Aránṣọ-Ọkọ̀:

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ irin, ẹ kò sọ̀rọ̀ òjò. Irin gbà mí ní oṣù mẹ́rin, aṣọ orí gbà mí ní méje. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo rán, mo wọ̀n ọ́n nígbà tí férémù rẹ̀ wà ní kíká díẹ̀. Nígbà tí mo nà á tán, ó kù bí ìbú ọwọ́ kan kó dé orí dígí. Mo fà á, ojú rírán ya. Mo jù ú nù.

Èkejì, mo tẹ́ aṣọ náà sínú oòrùn kó rọ̀, mo na férémù dé orí, mo tì í pa, mo wá fi ìmú aṣọ mú un yíká kí n tó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe igun. Gọ́ọ̀mù yẹn, ẹ fi sí ojú méjèèjì, kí ẹ dúró títí kò fi ní mọ́ ìka mọ́, ẹ tó fi wọ́n pàdé. Ó kọ́kọ́ mọ́ ìka mi, mo mọ ohun tí mo ń wí.

Nígbà tó parí, mo jókòó sínú rẹ̀, mo ní kí ọmọbìnrin mi fi rọ́bà omi rọ òjò lé mi lórí. Kò tíì rọ̀ ọ́ tó ìṣẹ́jú kan tí itan mi ti tutù. Orí dígí ẹ̀gbẹ́ ni omi ń gbà wọlé, níbi tí férémù ilẹ̀kùn wà kí n tó gé e. Kò sí ohun tó ń ti dígí náà sínú mọ́, rọ́bà kò sì kàn án. Mo tún ìdí dígí náà ṣe kó fi orí tẹ̀ sínú díẹ̀, mo pààrọ̀ rọ́bà sí èyí tó sanra. Ọmọ náà tún rọ̀ ọ́. Ó rọ̀ ọ́ títí ó fi sú u.

Ó ku ẹ̀kán kan ṣoṣo, ní igun òsì iwájú, ó sì jẹ́ pé ìgbà tí mo bá gbé imú ọkọ̀ sókè òkè nìkan ló máa ń kán. Orí orúnkún mi ló ń bọ́ sí. Mo ti yẹ rọ́bà ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti lẹ igun aṣọ náà lákọ̀tun, ó ṣì ń kán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ibo ni kí n wò?