Corvette 1967 tí wọ́n tún ṣe: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀?

Olùwòye67

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ àtijọ́. Mo fẹ́ ra Corvette ọdún 1967 kan, ọkọ̀ eré tí ilé iṣẹ́ Chevrolet ṣe, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, tí ẹni tó ń tà á sọ pé òun tú u palẹ̀ dé orí ṣáàsì kí òun tó tún un tò. Ó ní ẹ́ńjìnnì 427 (ìwọ̀n àyè inú rẹ̀ ní ínǹṣì onígun mẹ́ta nìyẹn) tó ní agbára ẹṣin 435, èyí tí ilé iṣẹ́ ń pè ní L71, ló bá a jáde, àti pé gbogbo nọ́ńbà ara rẹ̀ ló bára mu. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán gbinrin, kábúrétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ẹ́ńjìnnì, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ní òkè gbọọrọ tí a mọ̀ mọ́ àwọn tó ní 427. Ó tún fi ìwé ẹ̀yẹ tí ọkọ̀ náà gbà níbi ìdíje hàn mí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé nínú 22,940 Corvette tí wọ́n ṣe lọ́dún náà, 3,754 péré ni L71, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní L71 lọ́jà kò jọ ohun tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní owó àti sùúrù lè yọ ẹ́ńjìnnì 327 tó kéré kúrò nínú ọkọ̀ lásán kó sì gbé 427 sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ wò kí n tó san kọ́bọ̀?

Àgbà_Ìdí_Ẹ́ńjìnnì

Àbúrò mi, gbé ojú kúrò lára ọ̀dà, kábúrétọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí kò sí èyí tí a kò lè rà tuntun nínú wọn, títí kan aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, tí ìlà pupa ti L71 máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 6,500. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ibi tí ẹjọ́ náà wà ni ojú pẹrẹsẹ kékeré kan tó wà níwájú búlọ́ọ̀kì, ìyẹn ògidì irin tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, ní apá ọ̀tún ọkọ̀, níbi tí orí ẹ́ńjìnnì ti pàdé búlọ́ọ̀kì. Oríṣi ìtẹ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èkíní ni èyí tí wọ́n tẹ̀ nílé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní Tonawanda, ní ìpínlẹ̀ New York: lẹ́tà T ni yóò ṣáájú, oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n to ẹ́ńjìnnì náà yóò tẹ̀ lé e ní nọ́ńbà mẹ́rin, lẹ́tà méjì tó ń sọ irú ẹ́ńjìnnì yóò sì kẹ́yìn, èyí tí í ṣe JE fún L71 tí o ń sọ yìí. Èkejì ni èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà dé St. Louis, níbi tí wọ́n ti ń to Corvette: 7 ni yóò ṣáájú, nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn nọ́ńbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. Ìlú méjì, ọwọ́ méjì, irin ìtẹ̀ méjì. Bí o bá rí i pé ìtẹ̀ méjèèjì jinlẹ̀ bákan náà, tí wọ́n tò bákan náà, tí ìrísí wọn sì jọ ti ẹni kan ṣoṣo, ó yẹ kí ara fu ọ́, kódà bí nọ́ńbà wọn bá bára mu rẹ́gírẹ́gí. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ọwọ́ kan tó fi tẹ méjèèjì ló máa ń tú u fó.

Lẹ́yìn èyí, wo irin tó wà lábẹ́ nọ́ńbà náà. Kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun sí i, ẹ̀rọ kan ti fá a nílé iṣẹ́, ó sì fi ìlà tín-tín-tín tó gún gbọọrọ sílẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí a bá fi ìyarun ya iyẹ̀pẹ̀. Fi aṣọ rírọ̀ nu gírísì ibẹ̀ kúrò, má ṣe fi bébà oníyanrìn kàn án rárá, kí o wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba orí irin kọjá. Bí ìlà náà bá gún, tí ó sì lọ gba abẹ́ nọ́ńbà kọjá, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Bí ó bá tẹ̀ kọrọdọ, tàbí tí irin náà dán bíi dígí, a jẹ́ pé wọ́n ti fá ojú búlọ́ọ̀kì lẹ́yìn tó kúrò nílé iṣẹ́, nọ́ńbà tí o sì ń wò ti di nọ́ńbà tí ẹlòmíràn tẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n rọ búlọ́ọ̀kì gan-an náà wà lára rẹ̀, ní lẹ́tà oṣù, ọjọ́, àti nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọdún. A ni oṣù kìíní, B ni ìkejì. Rírọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú títò, títò ẹ́ńjìnnì ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ọkọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 3904351, nọ́ńbà irú búlọ́ọ̀kì tí wọ́n rọ mọ́ ọn lára, dá ọ lójú, nítorí pé wọ́n fi búlọ́ọ̀kì kan náà sínú àwọn Chevrolet ńlá ọdún yẹn.

Ọmọ_Ṣáàsì

Àgbà ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tán, díẹ̀ ni tèmi. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórí pátákó irin kékeré lábẹ́ àpótí ìkẹ́rùsí iwájú èrò, ṣùgbọ́n wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sórí ṣáàsì lápá òsì lẹ́yìn, níbi tí ojú kò ti lè dé bí bọ́ọ̀dì bá wà lórí rẹ̀. Mú dígí kékeré tó ní ọwọ́ gígùn lọ. Ibẹ̀ ni èmi máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ṣáàsì àwọn ọkọ̀ yìí máa ń dípẹtà níwájú táyà ẹ̀yìn, àwọn mìíràn sì ti pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ. Tún béèrè bóyá bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí táǹkì epo nílé iṣẹ́ ṣì wà, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n fi kún ọkọ̀ náà ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Bí ó bá wà, tí ó sì gbó bó ṣe yẹ kó gbó, kò sí ẹ̀rí tó tó o. Àmọ́ wọ́n ń tẹ ayédèrú rẹ̀ tà.

Ìyá_Ìwé

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ìwé ẹ̀yẹ yẹn, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. National Corvette Restorers Society, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974, máa ń gbé ọkọ̀ yẹ̀ wò láti mọ bó ṣe jọ bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe é tó, ọkọ̀ tó bá sì gba máàkì 94 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń fún ní ẹ̀yẹ Top Flight. Jíjọ ni wọ́n ń díwọ̀n. Wọn kò jẹ́rìí pé ẹ́ńjìnnì yìí ni wọ́n bí mọ́ ọkọ̀ yìí. Ìwé mìíràn tí ẹgbẹ́ náà ń fúnni lórí nọ́ńbà ọkọ̀ yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti alágbàtà tí wọ́n gbé e lọ fún, ṣùgbọ́n kò ní sọ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Gbà á síbẹ̀, kí o lè fi ọjọ́ inú rẹ̀ wé ọjọ́ ara ẹ́ńjìnnì.

Olùwòye67

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo lọ wò ó lánàá. Ọjọ́ rírọ búlọ́ọ̀kì jẹ́ A 25 7, ìtẹ̀ tó wà níwájú jẹ́ T0208JE, nọ́ńbà ọkọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí àṣìṣe kan. Mo fi dígí wo orí ṣáàsì, ó bá a mu. Táǹkì epo tuntun ni, nítorí náà kò sí bébà kankan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ìlà orí irin náà tẹ̀ bí etí igbá, kò sí ọ̀kan tó gún nínú wọn, nọ́ńbà ọ̀tún àti ti òsì sì jinlẹ̀ dọ́gba bí ẹni pé òòlù kan náà ló bà wọ́n. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí olùtajà tó sọ pé nígbà tí wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, wọ́n fá ojú búlọ́ọ̀kì nítorí pé kò tẹ́jú mọ́, nọ́ńbà àtijọ́ bá a lọ, wọ́n sì tún tẹ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà. Ó ní rìsíìtì iṣẹ́ náà. Kò ní fọ́tò ibẹ̀ kí wọ́n tó fá a.

Àgbà_Ìdí_Ẹ́ńjìnnì

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ojú pẹrẹsẹ yẹn àti ojú tí orí ẹ́ńjìnnì jókòó lé dọ́gba, ẹ̀rọ tó bá fá ọ̀kan yóò fá èkejì, àfi bí ẹni tó ń ṣe é bá mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún un. Àmọ́ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ yóò ya fọ́tò rẹ̀, tàbí kó fi bébà àti pẹ́ńsù fa àwòrán rẹ̀ kí ó tó fá a. Lójú tèmi, ẹni tó tún nọ́ńbà tẹ̀ tí kò sì sọ títí a fi béèrè lẹ́ẹ̀mejì ti parọ́.

Ọmọ_Ṣáàsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn tán. Ọjọ́ rírọ búlọ́ọ̀kì tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú títò kì í ṣe ohun tí a ń rí lórí búlọ́ọ̀kì tí a kàn ṣà ní àkìtàn. Ó lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an. Ohun tó sọnù ni ẹ̀rí.

Àgbà_Ìdí_Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀rí náà ni wọ́n ń ta lówó gọbọi, àbúrò. Búlọ́ọ̀kì tí ọjọ́ rẹ̀ wọlé wà lọ́jà fún ẹni tó bá mọ ibi tí yóò ti wá a, ó sì ti tó ọdún púpọ̀ tí àwọn kan ti ń fi ọjọ́ ṣa búlọ́ọ̀kì.

Olùwòye67

Mo ti gbọ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Mo kọ̀wé sí olùtajà lónìí pé mo ṣì fẹ́ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ra èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dáni lójú ni n ó san, àti pé kí ó kọ ọ́ sínú ìwé títa pé wọ́n ti fá ojú búlọ́ọ̀kì, wọ́n sì tún nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀, kí ẹni tí èmi náà bá máa tà á fún lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀. Ó ní òun máa ronú sí ọ̀rọ̀ owó. Kò sọ nǹkan kan nípa ìwé náà.