Ọkọ̀ òfurufú wo ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa rà, báwo ni a ó sì ṣe máa lò ó pọ̀?

Ọmọ Òkè-Bàálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àwa mọ́kànlá ni a ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òfurufú aládàáni. Àwọn kan gbà á ní Zaria, àwọn kan ní Ìlọrin, àwọn méjì sì gbà á ní òkè òkun. Méje nínú wa ń gbé ní Òṣogbo, àwọn mẹ́rin yòókù wà ní Ẹdẹ, Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí a ti ń dá àjọ kí a lè ní ọkọ̀ tiwa, nítorí pé ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ tí kò rí ọkọ̀ wà, díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ̀ náà yóò máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó náà ti tó nǹkan báyìí, a sì ti fẹnu kò pé Ìlọrin ni a ó máa gbé ọkọ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀.

Irú ọkọ̀ tí a ó rà ni kò jẹ́ kí ohùn wa ṣọ̀kan. Àwọn kan ní kí a kó gbogbo owó lé Diamond DA40 kan ṣoṣo tí kò tíì gbó, tí ó ń lo Jet A-1, epo kan náà tí àwọn ọkọ̀ òfurufú akérò ńláńlá ń lò. Àwọn kan ní kí a ra àgbà ọkọ̀ méjì, Cessna 172 tí ó ní ìjókòó mẹ́rin àti Cessna 152 tí ó ní ìjókòó méjì, kí ẹni méjì lè máa fò lọ́jọ́ kan náà. Èmi kò tíì mọ ibi tí mo wà. Mo tún fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣírò iye tí ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ yóò san fún wákàtí kan, kí ìjà owó má baà tú ẹgbẹ́ wa ká.

Àgbà Ìgbọ̀nà

Mo kí yín fún àjọ ọdún mẹ́ta tí kò dàrú, nítorí iṣẹ́ ńlá ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń gbé ní England kí n tó padà wálé. Ọkọ̀ méjì ni a ní, Piper PA-28 sì ni méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ pa orúkọ ọkọ̀ tì. Kí olúkúlùkù yín kọ ìrìnàjò mẹ́wàá tí ó rò pé òun yóò rìn lọ́dún kan sílẹ̀: ibo, ènìyàn mélòó, ẹrù wo. Nígbà tí àwa ṣe é, a rí i pé ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni ó máa ń wà nínú ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìrìn náà kì í sì í tó wákàtí méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú òṣùwọ̀n. Cessna 152 kò gbọdọ̀ ju 757 kg lọ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra, òun fúnra rẹ̀ sì ti ju 500 kg lọ dáadáa nígbà tí kò sí ènìyàn tàbí epo nínú rẹ̀. Bí ọkùnrin méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n tó 90 kg bá jókòó, tí epo sì kún táńkì, ọkọ̀ náà ti kún dé ẹnu tàbí kí ó ti kọjá bẹ́ẹ̀ pàápàá, kí a tó gbé àpò kankan sí i. Bákan náà ni ìjókòó mẹ́rin ti Cessna 172 kò túmọ̀ sí àgbàlagbà mẹ́rin. Àwọn tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1976 sí 1980 kò gbọdọ̀ ju 1,043 kg lọ; bí àgbàlagbà mẹ́rin bá wọ inú rẹ̀, epo tí yóò kù láti bù kò ní tó nǹkan. Ẹ tún rántí oòrùn tiwa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa fẹ́lẹ́, apá ọkọ̀ kì í rí i dì mú bí ó ti yẹ, ẹ́ńjìnnì kì í sì í ní gbogbo agbára rẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tí ó gbéra kíákíá ní òwúrọ̀ lè máa fà tìrọ̀tìrọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà.

Ìmọ̀ràn mi ni Cessna 172 kan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a máa ka ènìyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọkọ̀ kan, nítorí náà ọ̀kan tó yín. Bí ẹ bá fẹ́ ra èkejì lọ́jọ́ iwájú, irú kan náà ni kí ẹ rà, kí ẹni tí ó bá bọ́ sínú èyíkéyìí má baà máa wá ibi tí bọ́tìnì wà, kí ohun èlò ìpààrọ̀ kan náà sì lè wúlò fún méjèèjì.

Mẹkáníìkì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yín pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ epo kún un, nítorí ibẹ̀ ni England àti ilé wa kò ti jọra. Òṣogbo ni ilé mi, Ìlọrin ni mo ti ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe. Avgas, ìyẹn epo bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ òfurufú kéékèèké, ni Cessna 172 tí ẹ̀yin ń sọ ń mu, nǹkan bí lítà 30 sí 35 ní wákàtí kan. Níbí, Avgas kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá ní gbogbo pápákọ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí ọkọ̀ tí kò ní àrùn kankan yóò máa wo ojú ọ̀run nítorí pé epo kò tíì dé. Jet A-1 ní tirẹ̀ wà níbikíbi tí ọkọ̀ akérò bá ti ń bà. DA40 tí ó ń lò ó a máa mu nǹkan bí lítà 20 sí 25.

Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ó fẹ́ Diamond má tíì yọ̀. Kì í ṣe gbogbo DA40 ni ó ń lo Jet A-1. Àwọn mìíràn ní ẹ́ńjìnnì Lycoming tí ó ń mu Avgas, nítorí náà ẹ wo ẹ́ńjìnnì, ẹ má wo orúkọ ara ọkọ̀. DA40 NG, tí ó wà lára àwọn tí ó ń lo Jet A-1, ní ẹ́ńjìnnì Austro, tí wọ́n mú ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti inú ti mọ́tò Mercedes-Benz, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń darí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́ fún un, tí ó sì ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́wọ́, nìkan ni ó lè wò ó. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí nítòsí, ọkọ̀ tuntun yín yóò pẹ́ nílẹ̀ ju àgbà ọkọ̀ lọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí gidigidi: ẹ má ṣe ní ọkọ̀ Avgas kan àti ọkọ̀ Jet A-1 kan pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà bí ẹ bá lè yẹra fún un. Bí Jet A-1 bá ṣèèṣì wọ inú táńkì ọkọ̀ Avgas, ẹ́ńjìnnì lè tan, kí ọkọ̀ rìn dé ojú ọ̀nà ìgbéra pẹ̀lú epo tí ó kù nínú páìpù, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ó bá ti gbéra. Àṣìṣe yìí ti pa ènìyàn láwọn ibòmíràn.

Ní ti àgbà ọkọ̀, owó kékeré lè bo àrùn ńlá. Ẹ́ńjìnnì Lycoming, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Cessna 172, ní irin kan tí à ń pè ní camshaft, òkè inú ẹ́ńjìnnì ni ó wà. Bí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ọ́ìlì yóò ṣàn kúrò lára rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ ọlọ́dún 40 tí wọ́n ń wà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè sàn ju èyí tí ó kéré lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tí ó ti sùn sínú ilé fún ọdún méjì. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tí kò bá ẹni tí ń tà á ṣe pọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 50, kí àyẹ̀wò ńlá wáyé ní wákàtí 100. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò kí wákàtí àyẹ̀wò tó pé, nítorí eruku a máa jẹ ẹ́ńjìnnì bí ayùn.

Ìyá Àlékúwodò

Èmi kì í ṣe awakọ̀, ọmọ mi obìnrin ni ó ń wà á, ṣùgbọ́n mo ti pa ìwé owó mọ́ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláró wa ní Òṣogbo fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ owó tí Ọmọ Òkè-Bàálẹ̀ béèrè ni mo fẹ́ dáhùn.

Àpò méjì ni kí ẹ ní. Èkíní wà fún owó tí ẹ ó san yálà ọkọ̀ fò tàbí kò fò: adójútòfò, owó ibi tí ọkọ̀ ń sùn, owó ìwé ìjọba. Ká ní ó jẹ́ ₦12,000,000 lọ́dún. Bí ọkọ̀ bá fò fún wákàtí 100, ₦120,000 ni ó gun orí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fò fún 300, ó di ₦40,000. Bí ẹ bá gbé e ka orí wákàtí, ẹ̀rù ni yóò máa ba àwọn ènìyàn láti wà á, àìwà náà yóò sì tún sọ ọ́ di ọ̀wọ́n sí i. Ẹ pín in dọ́gba lóṣooṣù dípò bẹ́ẹ̀. Fún ènìyàn mọ́kànlá, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa san nǹkan bí ₦91,000 lóṣù.

Àpò kejì ni ti wákàtí: epo, ọ́ìlì, àyẹ̀wò, àti owó ẹ́ńjìnnì. Ọmọ mi sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ Lycoming ti Cessna 172 ni wọ́n ní kí a tú palẹ̀ kí a sì tún tò ní wákàtí 2,000. Ká ní ₦40,000,000 ni iṣẹ́ náà yóò gbà, ₦20,000 ni ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: bí ọkọ̀ tí ẹ rà bá ti lo wákàtí 1,400, gbèsè ₦28,000,000 ti wà lọ́rùn ẹ́ńjìnnì náà lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Kí ẹ yọ ọ́ nínú iye tí ẹ ó san fún ẹni tí ń tà á, tàbí kí ẹ kó o sínú àpò lọ́jọ́ náà gan-an. Kí orúkọ mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí owó yìí tó jáde ní báńkì, kí ẹnikẹ́ni má sì yá nínú rẹ̀, ì báà ṣe ìsìnkú ni ó délẹ̀.

Ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú bí ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò yóò ṣe gba ìpín rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Bàálẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, Mà, àti ẹ̀yin Ẹ̀gbọ́n mi. A pàdé lánàá, a sì ti pa èrò ọkọ̀ onírú méjì tì. A kò tíì mú èyí tí a ó rà láàárín 172 àti DA40 NG. Ọ̀rọ̀ epo Ìlọrin ni yóò pinnu rẹ̀. Ìbéèrè kan kù: bí ẹnì kan bá rí àléébù kékeré lára ọkọ̀, ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé kí ó má fò mọ́?

Àgbà Ìgbọ̀nà

Ẹnikẹ́ni nínú yín. Kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá a dúró, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé mẹkáníìkì tí ó ní ìwé àṣẹ nìkan ni yóò fọwọ́ sí i kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹnì kan tẹ bíréèkì jù nígbà tí ó ń balẹ̀, ojú kan lára táyà sì fá. Ojú tì í, kò kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà ní ọjọ́ kejì, táyà bẹ́ nígbà tí mo balẹ̀, ọkọ̀ sì yà wọ inú koríko. Orí kó mi yọ. Láti ìgbà náà ni a ti ṣe é ní òfin pé ẹni tí ó bá kọ àléébù sílẹ̀ kò ní san owó ìtanràn kankan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi pamọ́ kò ní wa ọkọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún dáadáa.

Ọmọ Òkè-Bàálẹ̀

A ó fi èyí sínú ìlànà wa. Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, ẹni kan ti fi ìwé àkọsílẹ̀ Cessna 172 kan ránṣẹ́ sí wa, ó sì ń béèrè owó àsansílẹ̀. Ṣé a lè gbé e wá fún yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?

Mẹkáníìkì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ wá ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà fò kẹ́yìn.